Ohùn Ìyá Nàfísàt

                                        Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀,
                                        Ìbafo,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        11 Oṣù Kẹwàá, 2009.

Olúṣẹ̀yẹ, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Kàdúná? Stella ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àbí wọ́n ti ń fi Haúsá bú ọ? Mo mọ̀ pé wàá ti sanra, ẹran olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́hùn-ún kò ní jẹ́ kí o rù. Ní tiwa, a dúpẹ́. Ìyàwó mi ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì ń sùn sórí àga.

Ìbafo ti kún, o kò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Ibi tí a ti máa ń jẹ ẹ̀wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ti di ilé alájà méjì. Yàrá tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀ ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, àfi fóòmù ara ògiri tí eku ti jẹ. Bí mo bá ń ṣe orin kan tó dùn, màá yíjú sẹ́yìn láti wo ojú rẹ kí n tó rántí pé o kò sí níbẹ̀. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an.

Ọ̀rọ̀ kan ló mú mi kọ̀wé. Nọ́ńbà rẹ kò lọ mọ́, ni mo ṣe fi lẹ́tà yìí rán Ògúnkànmí, awakọ̀ tírélà àdúgbò wa tó ń ná ọ̀nà Kàdúná.

Nàfísàt, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Hàfísátù, ń lọ sílé ọkọ lẹ́yìn Iléyá. O rántí pé nígbà tí àìsàn ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù pé ká gba àdúrà tí ìyá máa ń ṣe fún ọmọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó sílẹ̀ fáwọn, nítorí àwọn lè má sí níbẹ̀. Orin wákà ni wọ́n fi ṣe é. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà ló rí, kí Ọlọ́run foríjì wọ́n.

Iná tí wọ́n mú dé lóṣù tó kọjá lágbára jù, ó ba háàdì dísìkì kọ̀ǹpútà wa jẹ́. Àwọn tó ń tún un ṣe n'Íkẹjà ní kò sí ohun tí àwọn lè rí yọ níbẹ̀. Ọkàn mi ṣì balẹ̀, ṣebí a ti ṣe ẹ̀dà sínú síìdì. Mo ki síìdì bọ kọ̀ǹpútà tuntun, ó ṣí, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi hàn gbangba, ṣùgbọ́n ibi tí ohùn wọn yẹ kó wà ṣófo. Kọ̀ǹpútà wá ń bi mí pé níbo ni mo kó ohùn sí. Olúṣẹ̀yẹ, fáìlì iṣẹ́, èyí tó kàn ń júwe ibi tí ohùn wà, nìkan ni àwa méjèèjì kó sínú síìdì. Fódà tí ohùn gan-an wà kò bá a lọ. Nàfísàt jókòó tì mí. Kò sunkún. Ó kàn ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ wò, bóyá volume ló lọ sílẹ̀." Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó dùn mí dé egungun.

Nígbà náà ni mo rántí èyí tí a kọ́kọ́ gbà tó bàjẹ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ orin náà, Nàfísàt jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọmọdé ni nígbà yẹn. Nílé wa, bí ìyá bá ń ṣàdúrà, ọmọ gbọ́dọ̀ ṣàmín. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kọrin, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣàmín sókè, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. A ní kó jáde, a tún òmíràn gbà. Mo ní kí o pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ìwọ ní ó ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín, o ṣe é sínú síìdì tìrẹ, o mú un lọ sílé yín ní Mowe nígbà yẹn, Stella a sì máa ní kí o tún un fi sí i. Jọ̀wọ́, bá mi wá síìdì náà. Wo inú ẹrù tí ẹ kò tíì tú, wo abẹ́ ìjókòó ọkọ̀. Bí o bá rí i, ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́ kí o tó fi ọ̀kan rán Ògúnkànmí, nítorí ọ̀nà jìn. Kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀dà náà dópin.

Bá mi kí Stella àtàwọn ọmọ. Ìyá mi ń kí yín, wọ́n ń ṣàdúrà fún yín.

Mo mọ̀ ọ́, o kì í gbọ́ ariwo nínú orin kí o má yọ ọ́. Má yọ àmín náà o. Nàfísàt ní bí ẹkún kò bá jẹ́ kí òun lè dá ìyá òun lóhùn lọ́jọ́ náà, ọmọdé yẹn á bá òun ṣàmín.

                                        Èmi tó ń retí rẹ,
                                        Ṣàràfá.