Màmá Kò Fẹ́ Dìde Lórí Bẹ́ẹ̀dì

Ẹ̀gbọ́n mi Remigio,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ṣé òtútù Madrid ò mú yín jù? Ikọ́ ọkọ mi ti lọ, a sì ti tún òrùlé tó ń jò ṣe.

Ọkàn mi ò balẹ̀ nítorí Màmá. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kiri àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àtijọ́ ìlú Sucre níbí, tí wọ́n ń wá ilé tí a tà nígbà tí Bàbá kú. Èmi náà á máa sáré tẹ̀lé wọn. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n rí i. Ó ti di ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Wọ́n gba abẹ́ okùn tó dí ẹnu ọ̀nà yàrá kan wọlé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀ṣọ́ ní, "Màmá, ẹ dìde, ohun àtijọ́ nìyẹn."

"Èmi ńkọ́? Ṣé ọmọ tuntun ni mí?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo wá di ọwọ́ wọn mú pé ká máa lọ, ni wọ́n bá já a gbà.

"Ìwọ ta ni? Remigio ni mò ń dúró dè. Kò ní pẹ́ ti iléèwé dé."

Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò mọ̀ mí mọ́. Orúkọ yín nìkan ló kù lẹ́nu wọn. Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín lójú ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ kí wọ́n tó gbàgbé ìyẹn náà.

Àbúrò yín,
Fidelia