Agbọ́n tó ń dá gbé

Ìyá àgbà mi,

Mo kí yín, mo kí àǹtí tó ń tọ́jú yín. Ṣé orúnkún ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ rìn? Ara màmá mi ti yá.

Agbọ́n kan bà sórí òdòdó wa, ni bàbá mi bá gbé oògùn kòkòrò. Mo ní kí wọ́n dúró. Mo ya á ní fọ́tò, mo fi wé ti inú ìwé kòkòrò mi: ìbàdí bí òwú, ikùn pupa.

"Bàbá, inú ihò ló ń dá gbé. Kì í dédé ta èèyàn."

Wọ́n gbé oògùn sílẹ̀. "Ó dáa, Ìyá Agbọ́n!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ yẹn kún oríkì mi. Ẹ ó pẹ́ fún wa.

Bàbá ò bá mi fọwọ́ kan lẹ́tà yìí o. Èmi náà dá a kọ, bí agbọ́n mi.

Ọmọ ọmọ yín,
Ìyá Agbọ́n