Kọ̀ǹpútà Ilé Kò Gbà Kí Gita Wọlé

Bassu ọmọ mi,

Kí àlàáfíà máa bá ọ gbé níbẹ̀ ní Kasablanka, ìwọ àti Nuzha ìyàwó wa, àti Gita, àlejò wa tuntun tí ojú mi kò tíì rí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òtútù mú un, kò ní jẹ́ kí ojú burúkú wò ó, kò ní jẹ́ kí ọmú ìyá rẹ̀ gbẹ. Àmín. Bàbá rẹ ń kí ọ, ìbaaka ń kí ọ, àwọn igi ápù tí o bá wa gbìn kí o tó lọ náà ń kí ọ, yìnyín ti yọ́ kúrò lórí wọn, díẹ̀ ló ṣẹ́ lẹ́ka nínú wọn, a dúpẹ́.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, má rò pé mo bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ń kọ́ àwa obìnrin ní mọ́sáláṣí ti wọ̀ mí lára, bí o bá sì rí ibi tí ìlà ti wọ́, ọmọ ewúrẹ́ ló kọlu àpótí tí mo gbé ìwé lé. Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Mo ti pè ọ́. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wàá ní Ìyá, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jẹ́ n pè yín padà. Nuzha ní tirẹ̀ kì í gbé ìpè mi mọ́. Lẹ́tà kì í wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ibi tí èèyàn máa tẹ̀ lára rẹ̀ tó fi máa dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò dára, Bassu. Kọ̀ǹpútà tí o fi sílẹ̀ fún wa kò gbà kí ọmọ rẹ wọlé. Ṣebí ìwọ lo ṣètò rẹ̀ pé fọ́tò yòówù tí o bá fi sínú tìrẹ lọ́hùn-ún, inú tiwa níbí ni yóò ti yọ. Bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ Haddu ẹ̀gbọ́n rẹ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí wọn kí n tó gbé wọn lọ́wọ́. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí Gita, fọ́tò kan ṣoṣo kò wọlé. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń kọ sójú ara rẹ̀ ni pé kò sí àyè. Mo kà á, mo tún un kà, mo ní kí bàbá rẹ náà wá kà á torí mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Kò sí àyè náà ni. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó máa ń jẹ́ búlúù, ó ti pọ́n bí ojú ẹni tó ń bínú. Fóònù bàbá rẹ náà sì ti kún. O mọ̀ pé bó bá ti kún, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa ń dà á sí bí o ṣe kọ́ wọn, bí ẹni ń da omi garawa sínú àmù. Àmù ti kún, garawa kún, a ò wá ríbi gba ọmọ sí.

Má rò pé a káwọ́ gbera. Mo kọ́kọ́ palẹ̀ orí rẹ̀ mọ́. Mo gbé rédíò kúrò níbẹ̀, mo gbé àwo tíì kúrò, mo ká aṣọ olódòdó tí mo tẹ́ lé e. Kò yí padà. Bàbá rẹ wá ní yàrá tí ẹ̀rọ náà wà ló há, pé ta ni wọ́n máa tì mọ́ àárín àpò ápù gbígbẹ tó máa ní òun láyè. Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí létí. A bá gbé e lọ sí yàrá àlejò, a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó dára sábẹ́ rẹ̀, a ṣí fèrèsé méjèèjì, a tàn án. Ó ní kò sí àyè. Bassu, yàrá tó gba gbogbo abúlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ ni o. Mo bú ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ yẹn, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Lẹ́yìn náà ni a ránṣẹ́ pe Lahbib tó ń tún rédíò ṣe lọ́jà ọjọ́ Àlámísì. Ó jẹ ẹyin, ó jẹ búrẹ́dì, ó mu tíì, ó wá ní kòkòrò ló wà nínú rẹ̀. Mo ní níbo ni ihò tó gbà wọlé. Ó pa fíìmù ìgbéyàwó ọmọ àbúrò bàbá rẹ rẹ́, ọ̀pá pupa yẹn sì rọlẹ̀ díẹ̀, ó gbowó, ó lọ. Kí ọjà mìíràn tó ná, ó ti tún pọ́n. Ó ní ó ti darúgbó ni, ká ra tuntun, pé òun ní ọ̀kan nílé. Mo ní ìwọ náà ń darúgbó, a ò tíì ra ẹlòmíràn. Ó mà bínú o.

Mo wá rò pé ẹnì kan ló ń wọlé wá kó nǹkan sínú rẹ̀. Mo ti yàrá náà pa, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí. Kò sẹ́ni tó ń wọ ibẹ̀ àyàfi bàbá rẹ, tí wọ́n máa ń jókòó tì í bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n á sì jáde wá sọ fún mi pé àwọn ti kó èyí tó ṣeé kó dànù, pé kò yọrí. Síbẹ̀ ó ń kún. Ohun tó ń kún láìsí ẹni tó ń rọ nǹkan sí i, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Èyí tó wá gba oorun lójú mi ni ti Nuzha. Yìnyín dí ọ̀nà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, a ò lè wá, ó mọ̀, kò fi ṣe ìjà. Lẹ́yìn rẹ̀ ló pè mí, ó ní Ìyá, ṣé ẹ ti rí ọmọ yín. Mo ní rárá o, kọ̀ǹpútà ní kò sí àyè. Ó ní fóònù Bàbá ńkọ́. Mo ní òun náà kún. Ó ní ó dáa, Ìyá, nígbà tí ọmọkùnrin mẹ́ta Haddu ń wọlé, kọ̀ǹpútà yín ò yó, ọmọbìnrin tèmi ló wá bá a ní àyó. Ó ní bí ẹ ò bá fẹ́ rí i, ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́, ẹ má rán ẹ̀rọ sí mi. Ó ní fóònù kún, kọ̀ǹpútà kún, àfi bíi pé ọmọ òun nìkan ló pọ̀ jù láyé. Kí n tó la ẹnu, ó ti pa á.

Mo mọ ibi tó ti ń dùn ún. Nígbà tó lóyún, èmi ni mo fi jálàbíà kékeré tí mo fi irun àgùntàn hun ránṣẹ́, èyí aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní fìlà lẹ́yìn ọrùn, tí mo ní kí Haddu sọ fún un pé aṣọ ọkùnrin tó ń bọ̀ ni. Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Ṣé o wá rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni mo ń bá ọ sọ. Bí n kò bá rí ojú ọmọ yẹn kí n sọ fún ìyá rẹ̀ bí imú rẹ̀ ti rí àti ẹni tó jọ, kò ní gbà láéláé pé mo fẹ́ ẹ. Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, bí awakọ̀ tó ń bá wa gbé ẹrù lọ sí Kasablanka bá ti fún ọ ní ìwé yìí, pè wá kí o sọ ohun tí a óò yọ kúrò, ì báà jẹ́ ilẹ̀kùn yàrá.

Ibí ni mo fi ìwé sí lánàá nítorí búrẹ́dì tó wà nínú ààrò. Ó dára tí n kò tíì gbé e fún awakọ̀, torí nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Láàárọ̀ yìí mo wọlé lọ wo ẹ̀rọ náà, mo rí àwòrán apẹ̀rẹ̀ kékeré kan ní igun ojú rẹ̀, tí bébà kún un dé ẹnu. Mo ti ń rí i tipẹ́, ọ̀ṣọ́ ni mo pè é. Òní ni mo dúró wò ó. O rántí ihò ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, níbi tí bàbá rẹ máa ń kó gbogbo bébà tí orúkọ Ọlọ́run bá wà lára rẹ̀ sí, kí ẹsẹ̀ má baà tẹ̀ ẹ́, títí kan bébà tí wọ́n fi wé ṣúgà, tí n kò rí ọ̀kan ṣoṣo fi dáná láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí. Mo wo apẹ̀rẹ̀, mo rántí ihò. Mo ké sí bàbá rẹ. Mo ní Bàbá Haddu, kí nìyí. Wọ́n ní apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ni. Mo ní ta ló ń dà á nù. Wọ́n wolẹ̀. Wọ́n ní Bassu ní kí àwọn máa dà á nù, àwọn sì sọ fún un pé ó dáa. Mo ní ẹ wá dà á bí. Wọ́n ní Ìyá Haddu, ṣé ìwọ lè da Bísímílà nù.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìkíni Jímọ̀ọ̀ ni, Bassu. Gbogbo ìkíni Jímọ̀ọ̀ tí àwọn èèyàn fi ń ránṣẹ́ sí wọn láti ìgbà tí o ti ra fóònù fún wọn, èyí tó ní òdòdó, èyí tó ní àbẹ́là, èyí tó ní ẹyẹlé, pẹ̀lú ẹsẹ̀ Kùránì lára gbogbo wọn, àti fíìmù àwọn tó ń ké Kùránì. Àwọn àna fi ránṣẹ́, àwọn àbúrò wọn fi ránṣẹ́, ẹnì kan wà ní Faransé tí bàbá rẹ fúnra wọn ò mọ̀ rí tí kì í jẹ́ kí Jímọ̀ọ̀ kan kọjá. Bó bá pọ̀ jù, wọ́n á rọra gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń parí sí. Wọ́n rò pé ohun tó bá ti wọ apẹ̀rẹ̀ ti kúrò nílé. Mo ní apẹ̀rẹ̀ wo ló wà nínú ilé yìí tí kì í gba àyè.

Mo ní kí wọ́n dà á, wọ́n ní ó dìgbà tí àáfà bá sọ̀rọ̀. A pe Àáfà Idir tó kọ́ ọ ní kéú. Ó wo apẹ̀rẹ̀, ó wo bàbá rẹ. Ó ní Moha, nígbà tí mo ń kọ́ ọmọ rẹ, bí wàláà rẹ̀ bá kún ńkọ́. Bàbá rẹ ní ẹ máa ń ní kó fọ̀ ọ́ ni. Ó ní ṣé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wá ti ibẹ̀ sọnù. Wọ́n ní rárá, ó ti wọ ọmọ lórí. Ó ní wàláà tí a ò bá fọ̀, níbo lọmọ máa kọ ti òní sí. Bàbá rẹ ronú títí, wọ́n ní àmọ́ omi wàláà, ẹ kì í dà á síbi tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀. Àáfà ní èyí ò lómi. Wọ́n ní ṣé ó dá yín lójú. Àáfà ní òun kì í ṣe ará inú kọ̀ǹpútà, ẹ gbé nǹkan síbẹ̀.

Ni bàbá rẹ bá ṣe àlùwàlá, wọ́n wọ funfun, èmi gbé bàsíà tuntun sábẹ́ tábìlì. Wọ́n ní Bísímílà, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ kó tó tán. Mo ń wo bàsíà, kò sí ohun tó kán sínú rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọ̀pá pupa ti di búlúù, apẹ̀rẹ̀ ti ṣófo, bàbá rẹ sì ń wò ó bí ẹni tí wọ́n kó lẹ́rù. Wọ́n ṣe mí láàánú díẹ̀.

Kò pẹ́ tí fọ́tò fi bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ti àkọ́kọ́, Bassu, jálàbíà mi ni mo rí kí n tó rí ọmọ. Aláwọ̀ ilẹ̀ náà ni, Nuzha ti fi òwú pupa ṣe òdòdó yí etí fìlà rẹ̀ ká, Gita sì sùn sínú rẹ̀ bí ẹni pé òun ni mo wọ̀n nígbà tí mo ń hun ún. Àáfà ka ọjọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún wa. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni. Ìyẹn ni pé ó ti wọ aṣọ mi fún ọmọ níwájú gbogbo ẹbí rẹ̀, ó wá pè mí kó gbọ́ ohun tí n óò sọ, èmi wá ń sọ̀rọ̀ àyè. Mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì tí a tẹ́ fún ẹ̀rọ, mo sunkún, ojú kò tì mí.

Mo pè é lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó jókòó kọ èyí. Kò gbé e. Nítorí náà, ka ìwé yìí sí i létí, gbogbo rẹ̀. Bó bá fẹ́ dìde níbi tí mo ti ń bú ẹ̀rọ, bẹ̀ ẹ́ kó dúró dé ibi aṣọ. Sọ fún un pé imú Gita, imú ìyá mi ni, àmọ́ iwájú orí yẹn, ti Nuzha fúnra rẹ̀ ni pátápátá, mo sì rí i pé ó fi ọwọ́ òsì di ìka ara rẹ̀ mú. Sọ fún un pé mo rí i.

Má fi owó kọ̀ǹpútà tuntun ránṣẹ́, ohunkóhun tí Lahbib ì báà sọ. Owó ọkọ̀ ni kí o fi rán awakọ̀ sí mi, ti èmi nìkan, bàbá rẹ máa dúró ti ìbaaka àti ẹ̀rọ. Fi díẹ̀ lé e kí n fi ra òwú pupa irú ti Nuzha. Owó àlọ nìkan ni kí o fi ránṣẹ́, ìyàwó wa ló máa sọ ti àbọ̀. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa fẹnu kí àwọn ní Jímọ̀ọ̀ báyìí, má fi òdòdó ránṣẹ́ mọ́.

Ọlọ́run yóò ṣí ọ̀nà fún ọ bí ó ti ṣí ti orí òkè fún wa. Yóò fi àyè sílé rẹ, yóò fi àyè sí àpò rẹ, yóò fi sí ọkàn gbogbo wa. Gita yóò dàgbà, yóò gbó, yóò tọ́. Àmín.

Èmi ni, Tuda, ìyá rẹ, àti ìyá àgbà Gita, bí ìyá rẹ̀ bá gbà.