Ẹni Tó Dúró Nínú Omi: Ìtàn Ìgbésí Ayé Pa Jabez Babátúnjí Akínṣíkù, Ọmọ Odò Àlàárì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2025, Màmá Tinúadé Akínṣíkù ń da omi gbígbóná sí ògì nínú ilé wọn ní Peckham nígbà tí fóònù dún. Yusrah ni, ọmọ Yorùbá kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn tí wọ́n dá Baba dúró sí ní Camberwell.

"Mummy, ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹnì kankan wà lọ́dọ̀ yín?"

"Èmi nìkan ni. Sọ ọ́, ọmọ mi."

"Daddy ti sinmi, mà. Wọn ò jẹ̀rora. Èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú."

Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì padà sídìí ògì. Baba ti kúrò nílé láti ìgbà Kérésìmesì, síbẹ̀ abọ́ méjì ni Màmá gbé kalẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Wọn kò gbé èkejì kúrò títí ó fi di ọ̀sán.

Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló gba ọkàn Màmá. Ní Òkè-Àyìn, ìlú bàbá olóògbé, wọn kì í sin ọmọ ìlú láìjẹ́ pé ẹnì kan láti ìlú náà dúró níbi orí pósí, kó sì sọ ọ́ sétí gbogbo ayé pé, "Ọmọ wa ni." Ta ni yóò dúró fún Baba? Ó ti tó àádọ́rin ọdún tí Òkè-Àyìn ti kọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wá bá ẹbí kẹ́dùn yẹ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta oṣù Igbe ọdún 1931 ni wọ́n bí Jabez Babátúnjí Akínṣíkù ní Òkè-Àyìn, létí odò Àlàárì, odò tí omi rẹ̀ máa ń pọ́n bí aṣọ àlàárì lásìkò òjò. Agbo ilé Baálẹ̀ ni bàbá wọn ti wá. Ìyá wọn, Àsúmáù, jẹ́ ọmọ Ìdí-Orógbó ní òdìkejì odò. Ní ayé àwọn òyìnbó, odò yìí ni ààlà orílẹ̀-èdè méjì: Òkè-Àyìn wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ìdí-Orógbó wà lábẹ́ Faransé. Ṣùgbọ́n èdè kan náà ni ìlú méjèèjì ń sọ, wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n sì jọ mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń gbónára.

Ní ọdún 1937, ìyá wọn mú wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn fadá ní Ìdí-Orógbó, níbi tí wọ́n ti gbọ́ èdè Faransé. Ní ọdún 1943, wọ́n padà sọ́dọ̀ bàbá wọn, wọ́n sì wọ ilé ẹ̀kọ́ Mẹ́tọ́díìsì ní Òkè-Àyìn. Nígbà tí wọ́n fi di ọmọ ogún ọdún, wọ́n ti di olùkọ́ níbẹ̀, kò sì sí ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn létí odò náà tó gbọ́ èdè òyìnbó méjèèjì.

Ní ọdún 1955, ọ̀dá mú gan-an. Odò Àlàárì gbẹ títí ó fi ku ibú kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Ibú Àgbà. Àwọn obìnrin ìlú méjèèjì ń fi kèrègbè la ara wọn lórí níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ti Òkè-Àyìn ni ibú, Faransé ní ti Ìdí-Orógbó ni. Ìjọba méjèèjì wá mú onílàjà kan láti orílẹ̀-èdè mìíràn ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, wọ́n sì ní ohun tó bá sọ ni abẹ gé. Ẹnì kan ṣoṣo tí ìlú méjèèjì gbà kó ṣe ògbufọ̀ ni Baba, nítorí pé ọmọ ìlú méjèèjì ni wọ́n.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tó ti pẹ́ ju òyìnbó lọ. Ẹni tó bá máa gbé ọ̀rọ̀ odò láti ẹnu ẹnì kan dé etí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dúró nínú omi dé orúnkún. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá parọ́ níbẹ̀, odò á bi í léèrè nígbà tó bá kún. Onílàjà jókòó lórí àga lábẹ́ àtíbàbà. Àwọn àgbà ìlú jókòó sí bèbè méjèèjì. Baba ká ṣòkòtò wọn, wọ́n sì wọ inú ibú lọ.

Àwọn àgbà Ìdí-Orógbó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn bàbá àwọn ló gbẹ́ ibú náà jìn ní ọdún ìyàn kan. Onílàjà bi Òkè-Àyìn bóyá òótọ́ ni. Olóyè Ọdẹ́jìnmí, ẹ̀gbọ́n bàbá olóògbé, dìde. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn kí wọ́n máa gbọ́ ohùn òun.

"Wọ́n gbẹ́ ẹ, ẹ gbọ́! Ta ló fún wọn lóúnjẹ tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ? Àwa ni! Ebi ì bá ti lù wọ́n pa sínú kòtò tí wọ́n ń gbẹ́!"

Òkè-Àyìn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni olóyè wá rí ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí omi.

"Túnjí, fi ti gbígbẹ́ yẹn sílẹ̀. Ti oúnjẹ nìkan ni kó o sọ fún un."

"Bàbá, inú omi ni mo wà."

"Mo rí i pé inú omi lo wà. Ta ló bí ọ?"

Baba wo olóyè, wọ́n wo ìyá wọn tó dúró láàárín àwọn obìnrin ní bèbè kejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí onílàjà, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu olóyè, ti gbígbẹ́ àti ti oúnjẹ. Onílàjà ní Òkè-Àyìn fúnra wọn ti gbà pé Ìdí-Orógbó ló gbẹ́ ibú náà, ó sì dájọ́ pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ìdí-Orógbó ni yóò kọ́kọ́ máa pọn. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ti Òkè-Àyìn.

Ẹbí kò fẹ́ fi Òkè-Àyìn ṣe ènìyàn búburú. Omi wọ́n wọn. Àwọn ìyá ń dúró láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó rí ẹrẹ̀ pọn, agbo ilé mìíràn sì kó kúrò pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa bínú sí, onílàjà kọ́ ni wọ́n mú. Wọ́n ní, "Orí àga gbígbẹ ni òyìnbó jókòó sí, a ò sì gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹni tó dúró nínú omi la gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Òun ló dájọ́." Wọ́n kéde pé ẹsẹ̀ Babátúnjí kò gbọ́dọ̀ kan odò Àlàárì mọ́, àti pé wọn kò ní pè é ní ọmọ wọn, láàyè tàbí lókùú.

Baba lọ sí Èkó. Ní ọdún 1961, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Ìlú Ọba. Wọ́n ṣiṣẹ́ rélùwéè títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Ní ọdún 1966, wọ́n gbé Tinúadé, ọmọ Ìjẹ̀bú, níyàwó ní Camberwell. Baba kò fi ìtàn odò pamọ́ fún ìyàwó wọn. Ohun tí Màmá kò mọ̀ ni bí yóò ṣe máa ká wọn lára tó. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Ọmọ Òkè-Àyìn bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ní Deptford, Baba wọ agbádá, wọ́n lọ.  Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fún wọn ní àga lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n bọ́ agbádá, wọ́n ká a dáadáa, wọn kò sì wọ̀ ọ́ mọ́.

Ní ọdún 1979, ìyá wọn kú sí Ìdí-Orógbó. Baba lọ sílé láti sin ín. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, ọ̀dọ́kùnrin Òkè-Àyìn kan béèrè orúkọ wọn, ó sì dá wọn dúró.

"Baba, ẹ má bínú. Wọ́n ní ẹsẹ̀ yín ò gbọ́dọ̀ kan omi yìí."

"Kí ni wọ́n ní mo ṣe?"

"Wọn ò sọ fún wa, sà. Orúkọ yín nìkan ni wọ́n sọ."

Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó gba ọ̀nà mọ́tò yípo dé ọ̀hún. Wọ́n ti sin ìyá.

Ní Peckham, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni Baba. Ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n fẹ́ràn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń ṣe ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún Yorùbá, Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì, ní káńsù àti ní ilé ìwòsàn. Obìnrin kan tó ń wá ilé lọ́wọ́ káńsù bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ òun. Baba ní, "Aunty, mi ò ní iyọ̀ lẹ́nu. Ohun tẹ́ ẹ bá sè ni màá bù." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ lọ́nà tó tọ́. Ó rí ilé náà gbà.

Ọ̀sẹ̀ tí Baba kú, Màmá pe alága Ẹgbẹ́ Ọmọ Òkè-Àyìn, Ọ̀gbẹ́ni Sherifdeen.

"Mummy, ẹni jẹ́jẹ́ ni Daddy, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà nílé ní ọ̀rọ̀ omi ni."

"Ṣé ìwọ mọ ọ̀rọ̀ omi ọ̀hún?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣe mítìn ná, mà."

Tósìn, ọmọkùnrin olóògbé, ń gbọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan. "Mum, òótọ́ ni Dad sọ now. Kí ni problem wọn gan-an?"

"Òótọ́ ni, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n òùngbẹ sì gbẹ wọ́n," ni Màmá dáhùn.

Títí di ìgbà tí ẹbí gbé ìwé yìí lọ fún àwọn atẹ̀wé, Màmá kò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ní mítìn.

Olóògbé fi ìyàwó wọn, Màmá Tinúadé, sáyé lọ, àti àwọn ọmọ wọn, Moyinolúwa àti Tósìn, àti àwọn ọmọ-ọmọ, Bethany, Zoe àti Shiloh, pẹ̀lú àwọn mọ̀lẹ́bí ní Ìdí-Orógbó.

Ọ̀kan nínú àwọn mọ̀lẹ́bí náà, Alhaja Mìsítúrà, tó ń gbé ní Catford, wá kí Màmá. Ó ní, "Ìyàwó wa, bí bàbá kò bá wá, ìyá á wá. Èmi ni màá dúró níbi orí wọn." Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé páálí omi inú ike lọ sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wọn ní Peckham, ó ń fi ṣe sàráà fún òkú, bí Mùsùlùmí ti ń ṣe. Ó pe Màmá kí wọ́n wá dúró ti òun. Bí àwọn èèyàn ti ń jáde láti ibi ìrun, Màmá rí i tí Ọ̀gbẹ́ni Sherifdeen gba ike kan, tó ṣí i, tó sì mu ún dé ìdajì.

"Alhaja, ta lẹ̀ ń ṣe é fún?"

"Babátúnjí, ọmọ Àsúmáù. Ọmọ Òkè-Àyìn."

 Ọ̀gbẹ́ni Sherifdeen wo Màmá, ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó sì mu omi náà tán. Lẹ́yìn náà ló ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ páálí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pín omi fún àwọn tó ń jáde.

Jabez Babátúnjí, ọmọ etí odò, ẹ rọra máa sùn. Kí ilẹ̀ dẹ̀ fún yín, kí Olúwa fúnra rẹ̀ pè yín ní ọmọ.