Àwọn Bàálù Mi Kò Ní Wọ Abẹ́ Ibùsùn

Yàrá Kẹta, Àjà Kejì,
Ilé Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi, Nọ́ọ̀sì tèmi nìkan,

Ṣé ènìyàn lè jàre lórí ọ̀rọ̀ kan, kí ó sì tún jẹ̀bi lórí ọ̀rọ̀ kan náà? Ìbéèrè tí kò jẹ́ kí n sùn nìyẹn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo máa ń kọ nǹkan sí lálaalẹ́, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo wò ó títí, kò dáhùn. Ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sí ìwọ tó máa ń dáhùn kí a tó bi ọ́.

Ṣùgbọ́n kí n tó dà á sí ọ lára, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Báwo ni orúnkún tó máa ń dùn ọ́ nígbà òtútù? Ṣé bàbá àwọn ọmọ ti gbà láti máa lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, àbí ó ṣì ń fi í pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, kí ìwọ tí o ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún odindi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n máa lé e kiri ilé? Ọmọ rẹ tó ń kọ́ iṣẹ́ amòfin ńkọ́? Ó dájú pé kò sí ohun tí ẹ kì í jiyàn lé lórí mọ́. Ara tèmi le. Nílé ìtẹ̀wé, èmi ṣì ni mo ń yẹ ìwé gbogbo wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ojú mi kò sì tíì ṣe bàìbàì.

O mọ̀ nípa àwọn bàálù kékeré oníke tí mo máa ń tò. Ìwọ lo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ra páálí àkọ́kọ́, ní ọdún kejì tí ọkọ mi kú, tí o rò pé ọmọ ẹnì kan ni mo rà á fún. Bàálù gidi tí a bá pín sọ́nà méjìléláàádọ́rin, ìdá kan ni tèmi. Awakọ̀ inú rẹ̀ kò tó èékánná mi, síbẹ̀ mo máa ń kun bẹ́líìtì àyà rẹ̀. Ta ni yóò rí i? Kò sí. Bí mo bá ti lẹ gíláàsì mọ́ ọn lórí, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé bẹ́líìtì wà níbẹ̀, ó sì tó mi. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àṣìṣe ẹlòmíràn ni mo ń wá kiri lórí ìwé. Bí mo bá délé, mo máa ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn kí eruku má bàa bà lé ọ̀dà tútù, mo máa gé ike kan kúrò lára férémù rẹ̀, mo máa fi sáńpépà pa ojú àpá rẹ̀ rẹ́, mo máa fi ẹ̀mú kékeré gbé e sí ààyè rẹ̀, yóò sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, àfi bí ẹni pé ó ti ń retí mi. Kí ni mo tún ń wá láyé? Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni.

Ní báyìí, àkọ́bí mi fẹ́ lọ sílé ọkọ. Àwọn òbí ọmọkùnrin náà ní àwọn ń bọ̀ wá kí mi ní Sátidé kan. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ọmọ mi gbé páálí ńlá mẹ́ta wọlé. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kó wọn kúrò lórí pẹpẹ pálọ̀ sábẹ́ ibùsùn. Ọjọ́ kan péré.”

Mo ní, “Apá wọn á kán.”

Ó ní, “Ẹ máa tún un tò. Ṣebí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn náà nìyẹn.”

Ó ní ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni ìyá ọkọ òun kó tó fẹ̀yìntì, pé bí wọ́n bá bá ohun ìṣeré nínú pálọ̀ obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, wọ́n á ní irú ẹbí wo rèé. Mo ronú sí i, má rò pé n kò ronú. Mo bi ara mi bóyá ìgbéraga ni. Mo bi ara mi bóyá ọkàn ọmọ mi kò ju ike lọ. Ó jù ú lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ohun tó gbé mi dúró láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti lọ pamọ́ bí ẹrù olè, ta ni àwọn àna náà wá kí? Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo ní wọn kò ní wọ abẹ́ ibùsùn.

Wọ́n dé. Ìyá jókòó ṣinṣin bí ẹni tó fẹ́ pe orúkọ kíláàsì. Bàbá, tó ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n, wo pẹpẹ yíká, ó ní, “Àna mi, ọmọ mélòó ló ń ṣeré nínú ilé yìí?”

Ọmọ mi wolẹ̀. Mo ní, “Ẹyọ kan, sà. Òun lẹ̀ ń wò yìí.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Bàbá mú bàálù kan, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. Imú rẹ̀ ròkè, ìdí rẹ̀ sì balẹ̀ gbì! Ó tún un gbé, bàálù tún fìdí jókòó. Bàbá ní, “Ó ti rẹ eléyìí o. Ó lóun ò fò mọ́!”

Àṣìṣe mi ni. Bàálù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá wà lábẹ́ imú, òjé ni à ń kì sí imú náà kí a tó lẹ ìlàjì ara rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí iwájú lè wúwo. Mo gbàgbé. Nígbà tí mo fi máa rántí, gọ́ọ̀mù ti gan, ni mo bá ń fi igi ìṣáná gbé ìrù rẹ̀ dúró lórí pẹpẹ. Ǹ bá ti ní ọmọdé kan ló bà á jẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn, àtòjé àti gọ́ọ̀mù.

Ìyá ní, “Àgbà kì í ṣe bí èwe, àna mi.”

Mo ní, “Òótọ́ ni, mà. Èwe ò lè ní irú sùúrù yìí.”

Wọ́n mu omi, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọmọ mi kò fi pè mí.

Àná ni ó wá. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ bàálù alápá méjì, èyí tí apá kan gun orí ìkejì, tí òpó tín-ín-rín mẹ́jọ gbé tòkè dúró. Iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́ta ni, méjì ni mo ní. Ó fajú ro lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Mọ́mì, ọ̀rọ̀ wà.”

Mo ní, “Wá bá mi di ibí mú. Má mì.”

“Mi ò bá ti eré wá o.”

“Bí o ò bá dì í mú, á wó.”

Ó dì í mú, tòun ti báàgì léjìká. Ibẹ̀ ló ti jíṣẹ́: àwọn àna gbà, ìgbéyàwó á wáyé, ṣùgbọ́n kí olùdarí ètò má mẹ́nu ba bàálù bí ó bá ń sọ irú ẹni tí ìyá ìyàwó jẹ́. Kí ó ní òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ni mí, kí ó parí síbẹ̀. “Ẹ sọ pé ẹ gbà, Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n sinmi.”

Mo ní n kò gbà. Mo ní bí olùdarí ètò kò bá lè sọ pé mò ń to bàálù, kí ó kúkú fò mí kọjá.

Inú bí i. Ó ní orí mi le bí òkúta. Ó ní láti ìgbà tí bàbá òun ti kú ni òun ti ń kan ilẹ̀kùn yàrá yìí kí òun tó rí ìyá òun.

Nọ́ọ̀sì, èyí kò sí nínú gbogbo ohun tí mo ti rò. Mo fẹ́ dìde gbá a mọ́ra, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù kò tíì gan, kò sẹ́ni tó lè jọ̀wọ́ apá náà nínú àwa méjèèjì. Ó ń sunkún, imú rẹ̀ ń ṣàn, kò rọ́wọ́ nù ún. Síbẹ̀, kò mì. Ọmọ yẹn kò mì!

Mo ní, “Dákun. Ó yẹ kí n ti ṣílẹ̀kùn. Mi ò bẹ̀bẹ̀ nítorí bàálù o. Nítorí ilẹ̀kùn ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́.”

Ó tẹjú mọ́ apá bàálù náà, ó ní, “Èwo ni ò dúró dáadáa yìí, tọ̀tún àbí tòsì?”

Mo ní tòsì ni. Ó tì í díẹ̀. Apá náà dúró.

Nígbà tí ó nu ojú tán, ó ní òun máa sọ fún ìyá ọkọ òun pé mo kọ̀, pé òun fúnra òun ni òun máa kọ ohun tí olùdarí ètò máa kà nípa mi. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ bínú, kí wọ́n tò sẹ́yìn òun, nítorí òun náà ṣì ń bínú. Ó wá béèrè iye bàálù tó wà nílé. Mo ní mẹ́tàdínlógún. Ó wo èyí tó wà lórí tábìlì, ó ní méjìdínlógún ni òun máa kọ.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí ó gbé òògùn rẹ̀ mì. Kí amòfin wa náà. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí lẹ́jọ́, òun ni yóò gbẹjọ́ rò fún mi. Ilẹ̀ ti ń mọ́ lójú fèrèsé, mo sì ti pa àtùpà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì ronú pìwà dà,
Olójú Abẹ́rẹ́.