Ibi Tí Ìlà Lionel Ti Wọ́

Oko Larkmead,
Ẹ̀bá Marlborough,
Wiltshire.
4 Oṣù Keje, 1996.

Beryl, àbúrò ọkọ mi àtàtà,

Kánádà ti rí o? Ṣé eékún rẹ ti ń gbé ọ rìn láìsí ọ̀pá? Ọkọ rẹ ń kọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ara tèmi le. Ajá Lionel ṣì ń sùn sídìí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, n kò sì ní lé e.

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Ohun tó bá dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, nítorí náà fara dà á fún mi.

O rántí ìlà táyà katakata, ọ̀nà tóóró tí a kì í gbin ọkà sí, tí mo sọ fún ọ lórí fóònù lẹ́yìn ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ tí o kò lè wá? Lionel ló fà á nígbà tó ń gbin àlìkámà sí oko abẹ́ òkè ní oṣù Kẹwàá. Ẹni tí ìlà rẹ̀ máa ń gún débi pé Rúlà lo máa ń pè é! Lọ́jọ́ náà, láàárín oko, inú gún un, ó káko lórí ìdarí, katakata yà sọ́tùn-ún kó tó fà á padà. Mo ní kó tún un ṣe. Ó ní, "Fi í sílẹ̀, ìyàwó. Àlìkámà ò mọ ohun tó ń jẹ́ wíwọ́." Oṣù Kìíní ló kú. Láti ìgbà tí ọkà náà ti hù, ibẹ̀ ni mo máa ń lọ kí i, kì í ṣe itẹ́ òkú. Mo sì ṣèlérí fún ọ pé a ó jọ rìn ín kí ẹ̀rọ ìkórè tó wọlé ní oṣù Kẹjọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Percy aládùúgbò wa pè mí. "Gwenda, ó ti kàn ọ́ o! Àwọn ará òfúrufú ti sọ̀ sóko rẹ!" Ẹ̀rín ló ń rín. Kí n tó wọ bàtà, ọkọ̀ àwọn èrò ìwòran ti kún ẹnu géètì. Àwọn aláìníṣẹ́ kan, irú àwọn tó ń ya àwòrán sínú ọkà olóko káàkiri ìhín kí aráyé lè rò pé ará òfúrufú ló ṣe é, ti fi pákó tẹ òbìrìkìtì márùn-ún sínú ọkà mi lóru, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, lórí ìlà Lionel gan-an.

Percy ní kí n gun òkè, pé ibẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ ti ń hàn. N kò gùn ún. Inú oko ni mo wọ̀. Beryl, láti ilẹ̀, kò sí ẹwà kankan níbẹ̀. Ọkà tútù ló sùn gbalaja, tí wọ́n lọ́ yípo bí irun tí wọ́n fi òróró yà, tó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ bí eegun adìyẹ. Obìnrin kan nà sílẹ̀ láàárín rẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀.

Ó ní, "Màmá, ẹ bọ́ bàtà yín, kí ilẹ̀ lè mọ̀ yín."

Mo ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni ilẹ̀ yìí ti mọ bàtà mi. Ìwọ ni kò mọ̀. Dìde lórí oúnjẹ!"

Mo wá ibi tó wọ́ títí. Òbìrìkìtì kẹta ti gbé e mì. Ọkùnrin kan dúró síbẹ̀ tòun ti ọ̀pá bàbà méjì lọ́wọ́, èyí tí irú wọn fi ń wá agbára abẹ́ ilẹ̀, ó ń fi han àwọn èrò pé mẹ́rin tò gún, pé ìkẹta nìkan ló dá yà sọ́tùn-ún.

Ó ní, "Ọwọ́ èèyàn kọ́ o. Agbára kan ló tì í síbẹ̀."

Ìgbà náà ló yé mi. Ìlà Lionel ni àwọn olóríburúkú yẹn fi ṣe okùn ìwọ̀n nínú òkùnkùn, torí wọ́n gbà pé ìlà àgbẹ̀ kì í wọ́. Ibi tí ìrora ti tì í, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ tiwọn ti bàjẹ́.

Mo ní, "Jẹjẹrẹ ni wọ́n ń pe agbára yẹn, ọ̀gbẹ́ni. Ọkọ mi ló gbé e gun katakata. Ó yá, ẹ jáde!"

Mo pariwo débi pé Percy sáré wọlé, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Òun ló bá mi lé wọn, tó sì fi ẹ̀wọ̀n de géètì.

Ó ní kí n gé gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa padà wá, bí gbogbo àgbẹ̀ ìhín ti ń ṣe. Mo kọ̀. Ọkà tí wọ́n tẹ̀ ti ń gbórí sókè láti oríkèé, bí ọkà tútù ti máa ń ṣe. Kò gún mọ́, ṣùgbọ́n ó ń dìde. N kò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni, má sì bẹ̀ mí.

Ṣáà tètè wá. A kò ní rí ìlà náà rìn mọ́, ṣùgbọ́n a ó gun òkè tí mo kọ̀ láti gùn, èmi pẹ̀lú rẹ. Láti ibẹ̀, wọ́n ní ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì pàápàá lè ti ara òbìrìkìtì kẹta rí ibi tí Rúlà ti yà.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó má fi ikọ́ ṣeré.

Èmi ni, aya ẹ̀gbọ́n rẹ títí láé,
Gwenda.