Ipa Ìka Lára Bíríkì Odi

Ọjọ́bọ̀, oṣù Kọkànlá

Inú ń bí mi, àyà mi sì ń já. Ọ̀la ni mo máa sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wa nípa odi tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́ sétí òkun láyé àtijọ́, torí ìbẹ̀rù ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Lékan, ọkọ mi, ní kí n yọ fọ́tò bíríkì odi náà kúrò nínú àwòrán tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n.

"Sọ ti ìbọn ńlá orí odi, kó o pass, kó o máa bọ̀ nílé. Ta ló ní kó o lọ bá òyìnbó fa ọ̀rọ̀ ẹrú?"

Mo sáré lọ sí kíṣìnnì. Ìrẹsì ti ń jóná.

Àwọn ẹrú ló mọ bíríkì odi yẹn. Ipa ìka wọn ṣì wà lára rẹ̀, àwọn mìíràn kéré bíi ti ọmọdé. Ọwọ́ mi ti wà lórí delete nígbà tí Mummy, ìyá Lékan, jókòó tì mí, wọ́n ní kí ni mò ń wò. Mo ṣàlàyé fún wọn.

Wọ́n fi gíláàsì sójú, wọ́n sún mọ́ laptop. Mo rò pé wọ́n máa sunkún ni. Wọ́n kàn tẹríba díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fáwọn tó ń tún títì ṣe ní Rye Lane, ládùúgbò wa nílùú òyìnbó níbí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Wọ́n tẹ́tí sí i bí ẹni tó ń retí ìdáhùn. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí Lékan.

"Látọjọ́ yìí wá, ṣé ẹnì kankan tiẹ̀ kí wọn?"



Àyà mi ṣì ń já, ṣùgbọ́n fọ́tò bíríkì ló ṣáájú ọ̀rọ̀ mi báyìí. Kí ìbọn ńlá dúró de àwọn tó mọ bíríkì.